Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Rí Omi Òkè? Ìtàn Ìsun Ìkógòsì àti Ìbéèrè Tí Ó Bi Ìlú Tiwa

Orúkọ ilẹ̀ mẹ́ta ni a ó fi ṣí ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní ni Èkìtì, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní láti inú ọ̀rọ̀ náà òkìtì ni orúkọ yìí ti jáde, nítorí òkìtì àti òkè ni ó kún ilẹ̀ wọn. Èkejì ni ẹkùn tí ìjọba Benin ń pè ní Collines, níbi tí Ṣábẹ̀ àti Ìdàáṣà wà. Ìtumọ̀ orúkọ Faransé yìí kò ju òkè náà lọ. Ẹ̀kẹta ni ẹkùn Plateaux ní Togo, tí Atakpamé, ìlú àwọn ará wa Ifẹ̀, jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Orúkọ tí ó fara jọ ọ́, Plateau, ni ẹkùn tí Kétu wà ní Benin ń jẹ́. Bí a bá ka àwọn orúkọ wọ̀nyí pọ̀, a ó rí i pé àwọn tí ó sọ ilẹ̀ ní orúkọ wo gíga ilẹ̀ kí wọ́n tó wo ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbé orí ilẹ̀ gíga kì í kọ́kọ́ wo gíga rẹ̀. Ìbéèrè kan ni ó máa ń bèèrè kí ó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé: omi ńkọ́?

Nítorí ìbéèrè yìí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ìsun omi kan tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè ní Ìkógòsì-Èkìtì. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, àwọn mìíràn sì ti dé ibẹ̀ rí. Kì í ṣe ìyanu rẹ̀ nìkan ni ó mú wa yàn án. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí ó kan ìlú tiwa náà. Nígbà tí ìwé bá sọ pé lágbájá ni ó rí omi kan, àwọn tí ó ti ń pọn omi náà kí lágbájá tó dé ńkọ́?

Òkè, ogun àti omi

Ní ọ̀rúndún 19, òkè kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ fún àwọn baba ńlá wa. Ibi ààbò ni. Láti ọdún 1877 ni ogun Kírìjì ti ń jà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ní àwọn òkè tí ó wà láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Òkè-Mẹ̀sí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé ti Iléṣà àti Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí wà lára àwọn akọni tí ó ṣíwájú ogun Èkìtìparapọ̀. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó di 1893 kí àgọ́ ogun tó tú ká pátápátá. Ìlà òkè tí ogun yẹn fi ṣe pápá ni ó nà lọ sí ìhà gúúsù, tí ó gba Ẹ̀fọ̀n Aláayè kọjá, tí ó sì dé Ìkógòsì.

Ọdún 1886 yẹn kan náà ni ọdún tí Kétu kò lè gbàgbé. Ní ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun Glele, ọba Dàhómì, wó ìlú Alákétu, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ. Nígbà tí àlàáfíà ń padà bọ̀ sí òkè Èkìtì, ahoro ni Kétu dà, ó sì di 1894 kí a tó tún un tẹ̀ dó. Kétu ní odi àti yàrà. Ó ní Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu ibodè rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkèèrè. Ṣùgbọ́n kò ní òkè tí ènìyàn lè sá gùn. Ṣábẹ̀ àti Ìdàáṣà ní òkè ní tiwọn. Òkè 41 ni àwọn ará Ìdàáṣà máa ń kà mọ́ ìlú wọn, orí àpáta wọ̀nyí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá lọ nígbà tí ariwo ogun Dàhómì bá ta. Ní ìhà kejì, ní Ìdànrè, gbogbo ìlú ni ó gbé orí òkè títí di 1923, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n wà lónìí. Lára ohun tí a fi ń han àlejò lórí òkè náà, lẹ́yìn ààfin àtijọ́ ti Ọ̀wá, omi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Omi Apaàrá.

Ìtàn ogun a máa dárúkọ balógun. Kì í sábà dárúkọ ẹni tí ó mọ ihò àpáta tí omi ń sẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ọ̀tá bá dó ti òkè fún oṣù kan tàbí méjì, ọfà àti ìbọn nìkan kò lè gba àwọn tí ó wà lókè là. Ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ kò lè dúró ti odi. Ta ni ó ń pọn omi ní ilẹ̀ wa? Àwọn ìyá àti àwọn ọmọ ni. Nítorí náà, nínú gbogbo ìmọ̀ tí ó mú kí ìlú orí òkè wà láàyè, ìmọ̀ omi jẹ́ ti àwọn tí ìtàn ogun kì í dárúkọ. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń lọ sí Ìkógòsì.

Omi méjì, òkè kan

Ìkógòsì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, ní ìpínlẹ̀ Èkìtì tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Bí a bá wọ̀n ọ́n tààrà lórí àwòrán ilẹ̀, ó tó nǹkan bí kìlómítà 27 sí Iléṣà ní ìhà ìlà-oòrùn, ó sì tó bíi kìlómítà 10 sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Òkè ni ó yí i ká, igbó sì bo ẹsẹ̀ òkè náà. Ẹni tí ó bá ń retí omi tí ń dún bí àrá láti orí àpáta, kí ó kọjá lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirin ti ń já láti orí òkè. Ti Ìkógòsì kò ní ariwo. Láti abẹ́ òkúta àti iyanrìn ni omi náà ti ń sun jẹ́ẹ́jẹ́, lábẹ́ òjìji igi ńláńlá, ó sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè ka òkúta wẹ́wẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí àlejò bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni ẹnu yóò yà á. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí èyí tí ìyá kan gbé kaná láti fi wẹ ọmọ ọwọ́. Ní orísun rẹ̀, ó tó nǹkan bí ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí ó fi díẹ̀ ju ooru ara ènìyàn tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lọ. Kò gbóná kọjá bẹ́ẹ̀, kò sì tutù, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Kò jìnnà sí i, omi mìíràn ń ṣàn bọ̀ láti ibòmíràn, tútù nini ni èyí. Àwọn méjèèjì ń tọ ọ̀nà tiwọn títí wọ́n fi pàdé. Ibi ìpàdé yìí ni gbogbo àlejò máa ń dúró sí, tí wọn yóò ti ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná, tí wọn yóò sì ti èkejì bọ omi tútù. Lẹ́yìn ìpàdé náà, omi méjì di ọ̀kan, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Àwọn ará Ìkógòsì ní ìtàn fún un. Wọ́n ní ọkùnrin kan ní ìyàwó méjì. Ọ̀kan gbóná bí iná, èkejì sì tutù ní ìwà. Ìjà orogún kò jẹ́ kí ilé náà rójú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọjá agbára gbogbo wọn, àwọn ìyàwó méjèèjì di omi: ọ̀kan di gbígbóná, ọ̀kan di tútù. Ọkọ wọn di òkè tí ó dúró tì wọ́n títí di òní. Bí a bá sì wo ibi tí omi méjèèjì ti ń ṣàn pọ̀, a ó rí i pé àwọn tí ó ń sọ ìtàn náà kò parí rẹ̀ sórí ìjà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ojú àlọ́ lásán wo ìtàn yìí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti wo ibẹ̀ dáadáa. Ó mọ̀ pé omi méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan tí ó pín sí méjì. Ó mọ̀ pé òkè náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ó sì mọ̀ pé ọ̀nà tí ọ̀kan gbà wá sí ayé yàtọ̀ sí ti èkejì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ dé, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wọn wádìí, ohun tí wọ́n rí kò ta ko èyí. Òkè náà jẹ́ òkúta líle tí wọ́n ń pè ní quartzite, ìlà rẹ̀ sì nà láti àríwá lọ sí gúúsù. Òkúta náà lágbára, ṣùgbọ́n ó ti sán ní ọ̀pọ̀ ibi. Òjò tí ó bá rọ̀ sórí òkè a máa gba inú àwọn ìsán wọ̀nyí wọlẹ̀, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ jìnnà. Bí a bá sì ti ń jìn sínú ilẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ayé, kìlómítà kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 25 sí 30 kún ooru náà. Omi tí ó sọ̀ jìnnà gba ooru lọ́wọ́ àpáta ìsàlẹ̀, ó sì rí ìsán mìíràn gòkè padà ní ẹsẹ̀ òkè. Omi tí kò sọ̀ jìnnà kò ní ooru kankan láti mú bọ̀. Ìdí nìyí tí omi méjì tí ó súnmọ́ra fi lè yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò sí òkè oníná kankan níbẹ̀, bí àwọn kan ṣe máa ń rò.

Ẹ̀kọ́ kan jáde láti inú èyí tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Omi tí a bù mu ní ẹsẹ̀ òkè lónìí kì í ṣe omi òní. Òjò tí ó ti rọ̀ tipẹ́tipẹ́ ni, tí ilẹ̀ gbà, tí ó tọ́jú, tí ó sì dá padà nígbà tí ó tó àkókò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òjò tí ń rọ̀ lórí òkè lónìí yóò ṣe jẹ́ omi àwọn ọmọ wa. Ẹni tí ó bá gé igbó orí òkè, tàbí tí ó da ìdọ̀tí síbẹ̀, omi ẹni tí a kò tíì bí ni ó ń bà jẹ́.

Rírí, mímọ̀ àti àwárí

Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí a ń kọ fún àlejò a máa sọ pé ọdún 1952 ni John McGee, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ọmọ Amẹ́ríkà ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, ṣe àwárí ìsun Ìkógòsì. Òtítọ́ ni pé àwọn Onítẹ̀bọmi kọ́ àgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ omi náà, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìjọ sì ń péjọ síbẹ̀. Òtítọ́ ni pé láti ìgbà náà ni àwọn ará òkèèrè ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ orúkọ Ìkógòsì. Iṣẹ́ yẹn tóbi, ó sì yẹ kí a dárúkọ ẹni tí ó ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ dì mú: àwárí.

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà. Àwárí ni ohun tí a wá, tí a sì rí. Ẹni tí ó bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ omi kan, tí ìyá rẹ̀ bù ú fún un mu kí eyín rẹ̀ tó hù, kò ṣe àwárí omi náà. Ó bá a nílé ni. Àlejò tí ó bèèrè ọ̀nà, tí a sì mú un dé ibẹ̀, kò ṣe àwárí rẹ̀ náà. A fi hàn án ni. Ẹni kan wà láàárín ìgbẹ́, ní ìgbà kan tí kò sí ẹni tí ó lè ka ọdún rẹ̀, tí òǹgbẹ ń gbẹ, tí ó ń wá omi, tí ó sì rí i. Ẹni yẹn nìkan ni ó ni àwárí. Àwọn àgbà ní àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Kò sí ọbẹ̀ tí a ń sè láìsí omi, kò sì sí ohun tí ó yà wá lẹ́nu bí ó bá jẹ́ obìnrin ni ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tí kò jìnnà sí Ìkógòsì, ìtàn àtẹnudẹ́nu kò fi èyí pamọ́: wọ́n ní Akínlà, obìnrin kan láti ìdílé Odùduwà, ni ó ṣe ìlú náà sílẹ̀, òun ni ó sì rí omi Olúmirin.

Kí a má baà rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Faransé, níbi tí ìgò omi rẹ̀ ti dé gbogbo ọjà Cotonou àti Lomé. Ìlú Évian wà létí adágún Léman, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Alpes. Nígbà tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀, Savoie ni ó ni ín. 1860 ni Savoie tó di ti Faransé. Ní nǹkan bí ọdún 1790, ọlọ́lá kan, marquis de Lessert, ń ṣàìsàn kíndìnrín. Nígbà tí ó ń rìn kiri ní Évian, ó mu omi kan tí ń sun nínú ọgbà Ọ̀gbẹ́ni Cachat, ó tún mu ún lójoojúmọ́, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé omi náà ni ó wo òun sàn. Òkìkí kàn. Kò pẹ́ tí Cachat fi ọgbà yí omi náà ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ní 1829 ni a dá ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún omi Évian. Di òní olónìí, bí a bá ń sọ ìtàn náà, marquis ni a ń fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Nígbà tí marquis dé ibẹ̀, omi náà ti ní orúkọ. Ìsun Sainte-Catherine ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kì í ní orúkọ, àgàgà orúkọ ẹni mímọ́. Àwọn ará Évian ti ń mu ún, wọ́n ti fi orúkọ bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n sì ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Marquis kò ṣe ju pé ó mu, ó sì ròyìn. Bí ó ti rí ní Ìkógòsì náà ni ó rí ní Évian: ẹni tí ohùn rẹ̀ lọ jìnnà ni ìwé sọ di ẹni tí ó rí i.

Kì í ṣe pé a fẹ́ gba ẹ̀tọ́ ẹnìkan fún ẹlòmíràn. Ipò mẹ́ta ni ó wà nínú ìtàn omi: ẹni tí ó rí i, àwọn tí ó tọ́jú rẹ̀ láti ìran dé ìran, àti ẹni tí ó ròyìn rẹ̀ fún ayé. Ẹni àkọ́kọ́ kì í sábà ní orúkọ mọ́. Ẹni ìkẹyìn ní orúkọ nínú ìwé. Àwọn àárín ni ìtàn ń pàdánù, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ni kò jẹ́ kí omi náà di àkùrọ̀ tàbí ààtàn kí oníròyìn tó dé.

Nígbà tí omi bá wọ ìgò

Ìgbà tí orúkọ bá ti bọ́ sọ́wọ́ oníròyìn, omi náà kì í pẹ́ bọ́ sínú ìgò. A ti ta omi Ìkógòsì nínú ìgò, lábẹ́ orúkọ Gossy, tí ó rán wa létí orúkọ ìlú náà. Ní Benin, gbogbo wa mọ ìgò Possotomé, tí omi rẹ̀ ń jáde ní gbígbóná láti inú ilẹ̀ létí adágún Ahémé. Títà omi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó ń fún ọ̀dọ́ ní iṣẹ́, ó sì ń mú kí ẹni tí ó wà ní òkèèrè rí omi tí ó mọ́ mu. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bèèrè ni èyí: nígbà tí ìgò bá ti kún, kí ni ó kù fún ẹni tí ó gbé agbè rẹ̀ wá sí etí omi?

Évian fún wa ní ìdáhùn kan tí ó dára. Pẹ̀lú gbogbo òwò tí wọ́n ń fi omi náà ṣe, ìsun Cachat ṣì ń ṣàn ní gbangba láàárín ìlú, ẹnikẹ́ni sì lè gbé ìgò rẹ̀ wá láti bù ú láìsan owó. Vittel, ní ẹkùn Vosges, fún wa ní ìdáhùn mìíràn. Níbẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ tí a ń fà ju èyí tí òjò ń dá padà lọ, ó sì ń rẹlẹ̀ lọ́dọọdún, títí ọ̀rọ̀ náà fi di àríyànjiyàn ńlá láàárín àwọn ará ìlú. Ilẹ̀ Faransé kan náà ni ìlú méjèèjì wà. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí a ṣe ń bu omi náà, àti ẹni tí a ń rántí nígbà tí a bá ń bù ú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ irú omi bẹ́ẹ̀ wò, ní Ìkógòsì tàbí ní òkè tiwa, kí ó rántí pé ilé onílé ni ó wọ̀. Kí ó kí àwọn tí ó bá níbẹ̀, kí ó sì bèèrè ohun tí wọn kì í ṣe níbẹ̀. Kí ó má ṣe fi ọṣẹ fọ nǹkan ní òkè ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń bu omi. Kí ó má sì gbàgbé pé omi tí ó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú. Àpáta a máa sẹ́ omi, ṣùgbọ́n kò lè sẹ́ ohun tí ènìyàn àti ẹran bá dà sí ẹnu ìsun. Nítorí náà, omi tí ìlú bá ń mu yẹ fún àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ ìlera látìgbàdégbà.

Orúkọ omi tiwa

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní Kétu, orí ilẹ̀ gíga pẹrẹsẹ ni ìlú jókòó sí, omi abẹ́ ilẹ̀ sì jìn. Ìran àwọn ìyá wa mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti jí kí àkùkọ tó kọ, láti ru ìkòkò rìn jìnnà, kí a sì padà pẹ̀lú omi tí kò tó ilé. Ní Ṣábẹ̀ àti ní Ìdàáṣà, àpáta ní ihò tí omi òjò ń dúró sí, ó sì ní ibi tí omi ń sẹ̀ láti ara òkúta. Ní àwọn òkè Atakpamé, omi ń ti òkè ṣàn wá sí àfonífojì. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ omi ti dé ọ̀pọ̀ abúlé. Ọpẹ́ ni. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá tún máa ru omi rìn kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ̀rọ omi dé ni ọ̀nà odò bẹ̀rẹ̀ sí í hu koríko. Nígbà tí koríko bá bo ọ̀nà, ọmọ kò ní í mọ ibi tí ó lọ mọ́; nígbà tí ọmọ kò bá mọ̀ ọ́n, orúkọ omi náà yóò bá ìyá àgbà lọ sí sàréè.

Ẹnìkan lè sọ pé orúkọ omi kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ìtàn wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó, wọ́n sì fi ìwé fa ààlà la ilẹ̀ wa já, tí Kétu bọ́ sí apá kan, tí ọ̀pọ̀ ìbátan rẹ̀ sì bọ́ sí apá kejì. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ka Alákétu àti Oníṣábẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ Odùduwà tí ó dé adé, láìfi ti ààlà ṣe. Ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ tí àwọn aláṣẹ fi fa ààlà kò mọ adé, kò mọ oko, kò sì mọ ọ̀nà omi àwọn ìyá wa. Ohun tí àwa kò kọ sílẹ̀, ẹlòmíràn yóò kọ tirẹ̀ lé e lórí. Ẹni tí kò lè dárúkọ omi tí baba ńlá rẹ̀ mu yóò ṣòro fún láti fi hàn pé ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, nígbà tí oníṣòwò bá mú ìwé dé tàbí nígbà tí ìlú méjì bá ń jà sí oko.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan wà tí a kò gbọdọ̀ dá dúró di ọdún tí ń bọ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó mọ ìwé kọ ní Kétu, Ṣábẹ̀, Ìdàáṣà, Àjàṣẹ́ àti Atakpamé jókòó ti àgbà kan, kí ó sì bèèrè. Kí ni orúkọ omi tí ẹ̀ ń mu kí ẹ̀rọ tó dé? Ta ni ẹ gbọ́ pé ó kọ́kọ́ bá a? Ṣé ó ń gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn? Kí ni èèwọ̀ rẹ̀? Ta ni ó ń ro ọ̀nà rẹ̀, ta ni ó sì ń yanjú ìjà tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní etí rẹ̀? Igbó wo ni a kì í gé lórí òkè rẹ̀, kí sì ni ìdí? Kí ó kọ ìdáhùn náà bí àgbà ṣe sọ ọ́, ní ẹ̀ka èdè tí àgbà fi sọ ọ́, láìtún un ṣe. Ẹ̀wẹ̀, kí ó má ṣe lọ sọ́dọ̀ àwọn bàbá nìkan. Àwọn bàbá yóò sọ ìtàn ogun àti oyè fún un. Bí ó bá ń wá ìtàn omi, àwọn ìyá ni kí ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún.

Lẹ́yìn èyí, kí ó bèèrè bóyá àgbà náà, tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lágbára nínú ilé, lè mú un dé ibẹ̀. Kí ó ro koríko ọ̀nà náà bí ó bá ti bò ó. Bí omi náà bá ṣì ń sun, kí ó kọ èyí sílẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ, kí ó kọ ìyẹn náà, pẹ̀lú ohun tí a ti gé tàbí tí a ti kọ́ sí orí òkè rẹ̀. Ìwé ìròyìn yìí yóò fi inú dídùn tẹ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ jáde ní èdè méjèèjì. Ìkógòsì ní ìtàn ìyàwó méjì tí àwọn ará ibẹ̀ kò jẹ́ kí ó parun, ìdí sì nìyí tí a fi lè mọ̀ lónìí pé àwọn ènìyàn ti mọ omi náà kí ìwé tó dé. Omi tí kò ní ìtàn kò ní ẹlẹ́rìí. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìlú tí ó bá gbàgbé orúkọ orísun rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò wá sọ ọ́ lórúkọ fún un.